Ẹ má tíì ra head tuntun: bí mo ṣe ń yẹ pírìntà stíkà tó ti gbó wò

Ẹ jẹ́ n fi ìwà òmùgọ̀ tèmi bẹ̀rẹ̀ ná, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo wá ṣe ọ̀gá lé òun lórí. Máṣíìnì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, tòkunbọ̀ ni, ó ti ṣiṣẹ́ sin òyìnbó dáadáa kó tó dé ọwọ́ mi, ẹ sì mọ̀ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí ò bá fún ni lẹ́sẹ̀ á ṣo ni. Kò tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ mi tí magenta, ínkì aláwọ̀ pupa, bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Tí mo bá tẹ cleaning kó fọ ihò ínkì á padà, tó bá ti tẹ SAV (stíkà náà) dé bíi mítà kan á tún ti lọ. Ẹnjiníà tó wá wò ó ò tiẹ̀ tú síkúrù kan, ó kàn wo nozzle test, ìyẹn títẹ̀ tó ń fi hàn bóyá gbogbo ihò head, ohun tó ń tú ínkì jáde, ń ṣiṣẹ́, ó ní "bọ̀dá, head ti kú nìyẹn o", èmi náà lọ yá owó, mo ra head, ó fi sí i, ó gba owó iṣẹ́ ẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ kẹta magenta tún sá! Ìbínú ni mo fi ṣí i fúnra mi lọ́jọ́ yẹn, kí ni mo rí, etí rọ́bà cap, ìdérí tí head máa ń jókòó lé, ló ya, yíyà tí ò ju èékánná ọmọ tuntun lọ, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ má bi mí léèlò ni cap yẹn, torí tí mo bá rántí ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó head, orí máa ń fọ́ mi.

Látìgbà yẹn, tí pírìntà mi bá ń ṣe ségesège, head ni mo máa ń dá lẹ́jọ́ kẹ́yìn. Ohun tó ń rìn, ohun tó ń yí, ohun tó ń fà, ohun tó ń dé nǹkan lórí, àwọn yẹn ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, torí àwọn ló ń gbó, àwọn náà ló sì dínwó jù. Ohun tí mo fẹ́ sọ síbí máa bá èyí tó pọ̀ jù mu nínú àwọn máṣíìnì eco-solvent (ínkì kẹ́míkà tí òórùn ẹ̀ ò le) tó ń lo head Epson, DX4 ni o, DX5 ni o, DX7 tàbí XP600, yálà Roland, Mimaki, Mutoh tàbí àwọn tó ti Ṣáínà wá. Inú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ pa á, ẹ sì yọ plọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, kì í ṣe bọ́tìnì iwájú yẹn nìkan. Wáyà pẹlẹbẹ funfun tó dà bíi rìbọ́nì tó wọ inú head, tí ẹ bá yọ ọ́ tàbí tí ẹ fi bọ̀ ọ́ nígbà tí iná ṣì wà nínú máṣíìnì, tàbí tí omi cleaning bá kán sí ẹnu ẹ̀ tẹ́ẹ̀ dúró kó gbẹ, head àti board (pátákó iná inú máṣíìnì) lè jọ jóná lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Pé eco-solvent ò rùn tó solvent ti flex kò sọ pé ó dáa fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ohun tí mo máa ń kó sílẹ̀: tọ́ọ̀ṣì, aṣọ tí kì í tú òwú, ọtí isopropyl, omi cleaning tó bá ínkì mi mu, sìríńjì àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ẹnu ẹ̀ mu, swab onífóòmù (ẹ má lo òwú tí wọ́n fi ń wẹ etí, fọ́nrán ẹ̀ á kù sínú cap, á sì dá wàhálà mìíràn sílẹ̀), tépù ìwọnlẹ̀, bébà A4 kan àti fóònù. Fóònù yẹn ṣe pàtàkì o, gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú, ẹ yà á ní fọ́tò kẹ́ ẹ tó tú u, torí lẹ́yìn wákàtí méjì ẹ ò ní rántí apá ibi tí spring yẹn kọjú sí mọ́.

Ẹ fi ọwọ́ tì í, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ

Bí máṣíìnì ṣe wà ní pípa yẹn, ẹ tú carriage, àpótí tó ń gbé head lọ gbé e bọ̀, kúrò lórí cap (àwọn kan ní ohun tó ń tì í pa, ẹ wo abẹ́ ẹ̀ dáadáa, ẹ má fi agbára fà á), kẹ́ ẹ wá máa tì í jẹ́jẹ́ láti ọ̀tún lọ sí òsì, láti òsì padà sí ọ̀tún. Ó yẹ kó máa yọ̀ lọ bí ìgbà tí ilá ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Ibi tó bá ti wúwo, tàbí tó bá ti ń ṣe gbìgbì, ẹ fi tépù bébà sàmì síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú kan náà ló ti ń wúwo nígbà gbogbo, rélì ni, ínkì ti gbẹ síbẹ̀ tàbí nǹkan ti ha á. Tó bá wúwo níbi gbogbo, béárìn carriage tàbí pulley tó wà lápá òsì lọ́hùn-ún ló ti jẹ, àwọn tó ra máṣíìnì kì í rántí pulley yẹn rárá torí ó fara pamọ́.

Bẹ́líìtì ńkọ́? Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú dúdú tó dà bíi èédú, bẹ́líìtì ti ń jẹ ara ẹ̀ nìyẹn, ó ń ha nǹkan tàbí eyín ẹ̀ ti ń lọ. Tó bá dẹ̀ jù á máa fo eyín, tó bá le jù á pa béárìn mọ́tọ̀, nítorí náà ẹ má kàn máa fún un torí pé ẹ rí síkúrù ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òróró ńkọ́, ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba nǹkan jẹ́. Rélì tó jẹ́ ọ̀pá irin roboto, òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti máṣíìnì ìránṣọ ló fẹ́, díẹ̀ báyìí, ẹ fi aṣọ nu èyí tó bá ṣẹ́kù. Èyí tó ní bulọ́ọ̀kù irin tó ń yọ̀ lórí ojú irin pẹlẹbẹ, gírísì funfun díẹ̀. Èyí tó jẹ́ wíìlì kéékèèké ló ń yí lórí aluminiọ́mù, gbígbẹ ni wọ́n ṣe é, ẹ kàn nù ún kó mọ́. Àwọn súpírè tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì tó dípẹtà, ẹ má gbé e súnmọ́ rélì rárá, á fọ gírísì tó wà níbẹ̀ lọ, á sì máa gbá eruku jọ.

Encoder: ike tín-ín-rín tó ń ya wèrè

Tí carriage bá ń sá lọ gbá ògiri ẹ̀gbẹ́ gbàù, tí máṣíìnì bá ń kọ Motor Error tàbí Servo Error, tàbí tí iṣẹ́ bá ń rọ́ sápá kan láàárín títẹ̀, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Ike gígùn tó hàn gbangba, tó ní ìlà wẹ́wẹ́, tó na láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì lẹ́yìn carriage, òun ni máṣíìnì fi ń mọ ibi tó dé. Ìkùukùu ínkì máa ń bà lé e lójoojúmọ́, bó bá ti bo ìlà yẹn, carriage á fọ́jú, ẹni tó fọ́jú á sì gbá ògiri.

Ẹ fi ọtí isopropyl tó ọ̀rinrin báyìí sí aṣọ, ẹ fi ìka méjì di ike náà mú fẹ́rẹ́, ẹ nù ún lọ gbọọrọ, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ má lo tínà, ẹ má lo acetone, á nu ìlà yẹn kúrò ni, ike funfun lásán ló máa kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú, etí ẹ̀ mú bí abẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá ojú sensor tó gùn ún lẹ́yìn carriage, òun náà máa ń dọ̀tí, swab onífóòmù kan tó. Kẹ́ ẹ sì wò ó pé ike yẹn ń gba àárín sensor kọjá láì fara kàn án láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí tó bá ń ha á, gbogbo bẹ́ ẹ ṣe ń nù ún, ojoojúmọ́ ló máa tún máa bàjẹ́. Èyí tó bá ti ha, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ mọ iye ìlà tó ní láàárín íǹṣì kan (180 ló wọ́pọ̀) kẹ́ ẹ má baà ra èyí tí ò bá a mu.

Ìlà lójú iṣẹ́

Èyí ló ń lé kọ́sítọ́mà lọ jù. Ẹni tó ń sìnkú ìyá ẹ̀ ní Friday, tó fẹ́ lẹ fọ́tò ìyá sára mọ́tò, tẹ́ ẹ wá tẹ ojú ìyá tó ní ìlà bí ilà Ọ̀yọ́, ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ohun tó máa sọ.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ nozzle test. Tí ihò bá ń sọnù níbẹ̀, ẹ fo apá yìí, ẹ lọ sí ọ̀rọ̀ cap nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí nozzle test bá pé, tí ìlà ṣì ń jáde, head ò mọwọ́ mẹsẹ̀, bí stíkà ṣe ń rìn ni. Ìlà funfun sọ pé stíkà ń rìn jù, ó ń fi àlàfo sílẹ̀. Ìlà dúdú sọ pé ó ń rìn kéré, ìtẹ̀ kan ń gun orí èkejì.

Báyìí ni ọ̀pọ̀ á ti sá lọ sínú menu lọ máa yí calibration, nọ́ńbà tó ń sọ bí stíkà ṣe máa rìn tó. Ẹ dúró ná! Ẹ tẹ ìlà méjì tó fi 1000 mm jìnnà síra, ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ẹ tún wọ̀n ọ́n, ẹ ṣe é nígbà mẹ́ta. Tó bá jẹ́ 997, 997, 997, ó dáa, ó ń rìn kéré ní gbogbo ìgbà, ẹ fi 0.30% kún un nínú menu, ó parí. Àmọ́ tó bá jẹ́ 997, 1001, 995, ẹ má fọwọ́ kan menu rárá, stíkà ń yọ̀ ni, kò sí nọ́ńbà tẹ́ ẹ lè tẹ̀ síbẹ̀ tó máa mú nǹkan tó ń yọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi yí nọ́ńbà yẹn sókè sódò kí n tó mọ èyí.

Tó bá ń yọ̀, rólà ni kẹ́ ẹ lọ bá. Rólà irin tó rí gbàkagbàka nísàlẹ̀, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn stíkà máa ń dí ojú ẹ̀ títí á fi máa dán, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀rá gbígbẹ gbọn ọ́n yí ká. Rólà rọ́bà tó ń tẹ̀ ẹ́ látòkè, ẹ tẹ èékánná sí i, tó bá le bí igi, tàbí tó ní ojú pẹrẹsẹ níbì kan torí pé wọ́n gbé máṣíìnì jókòó fún oṣù mẹ́fà láì gbé rólà sókè, ó ti tó pààrọ̀. Kẹ́ ẹ wá gé bébà A4 yẹn sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rólà kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé rólà sọ̀kalẹ̀, ẹ fà á níkọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ le bákan náà lọ́wọ́ yín. Èyí tó bá wá gbẹrẹ, spring ẹ̀ ti rẹ̀, ìdí nìyẹn tí stíkà yín fi ń yà sápá kan bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

Kí ẹ tún wo ẹ̀yìn máṣíìnì pẹ̀lú. Rólù 50 mítà tuntun wúwo, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí máṣíìnì máa fi agbára rólà kéékèèké fà á tú, á máa rìn kéré ní ìbẹ̀rẹ̀ rólù, tí rólù bá tán lọ á máa rìn dáadáa, ẹ ó máa rò pé máṣíìnì ní àǹjọ̀nú. Ẹ tú u sílẹ̀ díẹ̀ kó sorọ̀ lẹ́yìn.

Àṣírí kan tún wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ìlà kan sí ìkejì. DX5 ní ìlà ihò mẹ́jọ, ihò 180 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, gígùn ẹ̀ jẹ́ íǹṣì kan, nítorí náà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní pass 4 (kí head gba ojú kan kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin), ìṣísẹ̀ kan á jẹ́ bíi 6 mm. Ìlà tó bá ń wá ní 6 mm, 6 mm, ọ̀rọ̀ ìṣísẹ̀ ni, ohun tí calibration lè tún ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ní 50 mm, 50 mm, ẹ wá ohun tó yí ká ní 50 mm. Rólà tí ìbú ẹ̀ jẹ́ 16 mm, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ nípa 3.14, 50 náà nìyẹn. Ẹ ti mú olè lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹrù. Ó lè jẹ́ pé rólà náà ti wọ́, tàbí gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ojú kan lára ẹ̀.

Tí lẹ́tà bá ń jáde ní méjìméjì bí ẹni tó mutí yó ló ń kà á, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní uni-direction, kó máa tẹ̀ nígbà tó bá ń lọ sápá kan nìkan. Tó bá dán, bi-direction ni kẹ́ ẹ tún ṣe nínú menu. Tó bá ṣì ń ṣe méjìméjì, bẹ́líìtì, encoder, tàbí síkúrù tó di head mú ló ti dẹ̀.

Cap, pump àti wiper

Ibí ni mo ti ná owó ilé mi, nítorí náà ẹ farabalẹ̀ kà á.

Tẹ́ ẹ bá tẹ cleaning tí ihò tó sọnù wá pọ̀ sí i dípò kó dín, tàbí tí ihò tó sọnù lónìí yàtọ̀ sí tàná, máṣíìnì ò rí head fà dáadáa ni. Ẹ tú carriage kúrò lórí cap, ẹ fi sìríńjì bu omi cleaning kún cap dé etí, ẹ wo aago. Tí omi yẹn bá ń lọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, tí pump ò sì ṣiṣẹ́, rọ́bà inú pump ti rẹ̀, wíìlì ẹ̀ ò fún un pa mọ́, tàbí kí rọ́bà ìsàlẹ̀ cap ti yọ. Tó bá dúró, ẹ tan máṣíìnì, ẹ jẹ́ kí pump ṣiṣẹ́: ó gbọ́dọ̀ mu ún tán gbáú. Tó bá dúró síbẹ̀ tó ń wò yín, rọ́bà ti dí tàbí pump ti kú. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sọ pé pump ti kú, ẹ lọ wo ike tó ń gba ínkì ìdọ̀tí, mo mọ ẹnì kan tó ti tú pump palẹ̀ kó tó rí i pé ike yẹn ló kún dẹ́nu.

Tí méjèèjì bá dáa, ẹ wá wo etí cap gan-an. Ẹ fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ pa á yí ká, tọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe látòkè. Solvent máa ń mú rọ́bà yẹn wú, tó bá wú kò ní jókòó pẹrẹsẹ mọ́, ó sì lè ya bí tèmi. Fóòmù inú ẹ̀ ò gbọdọ̀ ga ju etí lọ, tó bá fara kan ojú head, á máa fa ínkì jáde lóru, òwúrọ̀ ẹ ó rí i pé àwọ̀ ti dàpọ̀.

Wiper, rọ́bà tó ń nu ojú head, ìyẹn ò gba àkókò: tó bá ká, tó bá le, tí irun bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Irun orí kan ṣoṣo tó bá wà lára wiper lè fa yellow wọ inú black.

Tó bá jẹ́ àwọ̀ kan péré ló ń sá, tí nozzle test bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó wá ń ṣá bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ebi ínkì ló ń pa á. Ẹ tẹ̀lé rọ́bà àwọ̀ yẹn láti ibi ínkì dé damper, ike kékeré tó ń gba ínkì sílẹ̀ fún head, ẹ máa wá ìfófòó afẹ́fẹ́. Damper ní asẹ́ kékeré nínú, á dí bó pẹ́ bó yá, ẹ fi sìríńjì fa ínkì gba ẹnu ẹ̀: tó bá le fà, ẹ fi tuntun sí i. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń wọlé lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pààrọ̀ damper, òrùka rọ́bà kékeré tó wà níbi tí rọ́bà ti so mọ́ damper ni, kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fún nọ́ọ̀tì ẹ̀ jù á bẹ́.

Nẹ́pà àti ọyẹ́

Tí iná bá lọ nígbà tí head wà láàárín ọ̀nà, ìhòòhò ló wà yẹn, ihò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. UPS ló dáa jù. Tí ò bá sí, tí jẹnẹrétọ̀ ò sì fẹ́ dáhùn, ẹ yọ plọ́ọ̀gì, ẹ fi ọwọ́ ti carriage jẹ́jẹ́ padà sórí cap. Nínú máṣíìnì tó jẹ́ carriage fúnra ẹ̀ ló ń ti cap sókè, ó ti bọ́ sí i nìyẹn. Èyí tó jẹ́ mọ́tọ̀ ló ń gbé cap, ẹ fi ọwọ́ yí gíà ẹ̀ títí á fi kan head.

Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, stíkà á máa gba iná ara, á máa fa eruku, ínkì á máa fọ́n bí ìkùukùu sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, ọ̀pọ̀ á ní head ló ń tú. Abọ́ omi méjì nínú yàrá àti wáyà earth tó wọlẹ̀ lóòótọ́ (kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn so mọ́ fèrèsé) ti yanjú ẹ̀ fún mi.

Tí head bá ń gbá stíkà, ẹ dín hítà kù, ó ń mú stíkà ká sókè ni, kẹ́ ẹ wò ó bóyá fáànù abẹ́ tó ń fà á mọ́lẹ̀ ṣì ń yí. Etí tó bá ti ká tẹ́lẹ̀, ẹ gé e dànù.

Ìgbà wo ló wá jẹ́ head?

Tí cap dáa, tí pump ń fà, tí damper jẹ́ tuntun, tí ihò kan náà, ojú kan náà, bá ń sọnù lójoojúmọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fi omi cleaning rẹ ẹ́ mọ́jú, ihò yẹn ti kú. Tí àwọ̀ odidi kan bá kọ̀ pátápátá, ẹ ṣì fi wáyà rìbọ́nì tuntun dán an wò kẹ́ ẹ tó ra head, torí wáyà yẹn máa ń ṣẹ́ nínú nítorí bó ṣe ń ká tó ń nà lójoojúmọ́. Ní Ṣómólú, ẹ ó rí wáyà, cap, damper àti wiper rà lọ́jọ́ kan náà. Èmi máa ń ní cap kan, damper méjì àti wiper kan nínú dúrọ́ọ̀, torí òru ọjọ́ Thursday ni nǹkan wọ̀nyí máa ń yàn láti bàjẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ti dè é padà tán, ẹ má fi iṣẹ́ kọ́sítọ́mà dán an wò. Ẹ fi stíkà tó kù nílẹ̀ sí i, ẹ tẹ àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní gbọọrọ fún mítà kan, ẹ tẹ nozzle test ṣáájú àti lẹ́yìn ẹ̀, ẹ kọ déètì sórí méjèèjì, kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì. Ti ṣọ́ọ̀bù mi ti bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì, ó ti ń lọ sí ọ̀tún.